Ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù Tí Kò Ní Àmì

Ó ti rẹ Tiwalọlá tẹnutẹnu. Ọdún kẹjọ rèé tó ti ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé, tó tún ń kọ́ni ní fisíìsì nílé ìwé kan ní Kétu. Bí iléèwé bá jáde, á tún gba Magodo lọ kọ́ àwọn ọmọ olówó ní lẹ́sìnnì nílé wọn, níbi tí àwọn mẹ́gáàdì ti ń bi í lójoojúmọ́ pé ta ló fẹ́ rí, àfi bí ẹni pé wọn ò rí i rí.

Ohun tó ń wá kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Àwọn ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù kan ń sáré bọ̀ láti ojú sánmà, agbára wọn kọjá sísọ. Ta ló ń jù wọ́n? Ìyẹn nìṣòro rẹ̀. Irú wọn kì í rìn jìnnà, torí ìmọ́lẹ̀ àti agbára òòfà ojú ọ̀nà máa ń gba agbára lọ́wọ́ wọn. Èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ wa tagbáratagbára, ìtòsí ló ti wá. Àmọ́ ìtòsí wo? Ó lè jẹ́ òkú ìràwọ̀ tó ń pòyì bí òkòtó. Ó lè jẹ́ èérún ìràwọ̀ tó bú gbàmù. Ìṣirò Tiwalọlá kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì sì ti ní kó mú ẹyọ kan kó tó di ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ló bá kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pé òkú ìràwọ̀ ni. Àárẹ̀ ló kọ ọ́, kì í ṣe ìmọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó yà kí bàbá rẹ̀ ní Ìkòsì. Bàbá náà, Àtàndá, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe alábàárù lọ́jà Mile 12 kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé, ń fi rọ́ọ̀bù pa orúnkún.

"Ṣé o ti rí ẹni tó ń jù wọ́n?"

"Mo ti kọ ọ́, Daddy."

"Mi ò bi ẹ́ pé o kọ ọ́. Ṣé o rí i?"

Tiwalọlá yọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde nínú báàgì.

"Tá a bá ń já ẹrù tírélà, apẹ̀rẹ̀ tòmátò kọ̀ọ̀kan ló ní àmì ọ̀dà ẹni tó ni ín. Èyí tí àmì ẹ̀ bá ti pa rẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan là ń gbé e sí. Lọ́jọ́ kan, ó rẹ̀ mí. Mo ní ọ̀kan tí kò ní àmì jọ ti Salaudeen oníbàárà wa, mo gbé e fún un. Ti opó kan ni. Obìnrin yẹn wá a títí, ó bú sẹ́kún. Pé ó jọ ọ́ ò sọ pé òun ni, ọmọ mi."

Inú bí Tiwalọlá. Kí ni alábàárù mọ̀ nípa ìràwọ̀? Kíá, ojú ara rẹ̀ tì í. Ó ṣí kọ̀ǹpútà lórí itan, ó pa gbólóhùn náà rẹ́, ó kọ ọ́ pé ìtòsí ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò lè sọ èwo nínú méjèèjì, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá pè é. "Ọdún mẹ́jọ, Madam! O ò sì tíì mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mi ò mọ̀."

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Bàbá rẹ̀ sunkún ju òun gan-an lọ. "Ṣé kì í ṣe ẹnu mi ló bà á jẹ́ báyìí?"

"Daddy, ẹ má sunkún. Ohun tí mo kọ, òótọ́ ni."

Ó gbórí lé èjìká bàbá rẹ̀, oorun sì gbé e lọ.