Bá Mi Kí Òjò

Bí mo bá sọ pé obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ máa rò pé agbéraga ni. Kì í ṣe agbéraga. Ó kàn lágídí ni, irú agídí tó ń múnú bí èèyàn tó tún ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ohunkóhun tí o bá nà sí i, èsì kan náà ló ní. O fún un níyọ̀: "Ó tó." O fẹ́ bá a gbé omi: "Ó tó." Nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò sọ ọ́ di Màmá Ó-tó, òun náà sì ń dáhùn sí i láìjanpata.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ló ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Ta ló fẹ́ sinmi? Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tí kò ju ibi tí èèyàn lè sá aṣọ sí lọ, ó sọ ọ́ di oko. Tòmátò ń gun ọ̀pá lára ògiri, ilá wà nínú garawa ọ̀dà tó ti jò, àlùbọ́sà wà nínú ọpọ́n ìfọṣọ àtijọ́, gbúre sì tẹ́ ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Adìẹ rẹ̀ ń yé ẹyin fún un. Ó ń gbe omi òjò sínú àgbá. Ọṣẹ tó fi ń fọṣọ pàápàá, òun ló ń ṣe é. Bí ẹ̀fọ́ bá pọ̀, á já a, á nà án sí mi lórí ògiri.

"Oníbàtà, gbà, kí ìyàwó ẹ rí nǹkan sè."

Èmi á gbà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ní kó jẹ́ kí n bá a tún sálúbàtà rẹ̀ ṣe, ó ní ó tó. Wáyà ló fi rán an. Ojú mi kòrókòró ló ṣe rán an, èmi tí abẹ́rẹ́ àti òwú wà lọ́wọ́ mi! Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn fún oníṣẹ́ ọwọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń dirí, ló jẹ́ kí n mọ ibi tí agídí náà ti wá. Wọn ò tíì dàgbà nígbà tí wọ́n pàdánù bàbá àti ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ló wá kó wọn lọ. Obìnrin yẹn ò febi pa wọ́n, àmọ́ ẹnu wọn ló máa ń wò bí wọ́n bá ń jẹun. Bí wọ́n bá bu oúnjẹ tó tóbi díẹ̀, á pòṣé. Lọ́jọ́ kan, Màmá gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí oúnjẹ ṣì kù nínú rẹ̀, ó ní, "Ó tó." Kò tíì yó. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kúrò nílé náà, kò sì fi sílẹ̀ mọ́ títí ayé rẹ̀.

Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀, òun ló rán an lọ kọ́ṣẹ́ irun. Kò lọ́kọ, kò bímọ, àbúrò yìí ni gbogbo ohun tó ní. Onídìrí náà dàgbà, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló wá ń wá láyé: kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ oúnjẹ tó ti ọwọ́ òun wá, kó jẹ ẹ́ tọkàntọkàn. Ohun tó bá fi ránṣẹ́, odindi ló ń padà, tòmátò tó ti pọ́n dẹ̀dẹ̀ á sì tún wà lórí rẹ̀.

"Èmi ni mo tọ́ ọ," ni Màmá máa ń sọ. "Ìwọ kọ́ lo máa tọ́ mi."

Ojú Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Kò pẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù tó ń rí, ẹsẹ̀ náà ò sì gbé e dáadáa mọ́. Onídìrí kó ẹrù rẹ̀ wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó se oúnjẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé e síwájú rẹ̀. Màmá fi síbí kan sẹ́nu.

"Ibo lo ti rí tòmátò yìí?"

"Mo rà á ni, Àǹtí mi."

Màmá gbé síbí kalẹ̀. "Ó tó." Ẹyin adìẹ rẹ̀ nìkan ló jẹ lọ́jọ́ yẹn àti lọ́jọ́ kejì.

Onídìrí wá dojú kọ oko. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n irun ló mọ̀, kò mọ ilẹ̀. Ó la ebè bí ẹni tó la irun, ó gún régé, nǹkan kan ò sì hù níbẹ̀. Inú oòrùn gangan ló ń bomi rin ín. Ó fa ilá kéékèèké tu, ó ṣe bí koríko ni. Adìẹ já, wọ́n sì parí èyí tó kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá mi nídìí iṣẹ́ mi, ojú rẹ̀ ti wú.

"Bọ̀dá Oníbàtà, ẹ gbà mí. Mo ti ba oko Àǹtí mi jẹ́ tán. Gbúre gan-an ti kú. Kò lè rí i, kò tíì mọ̀. Tó bá gbọ́, kò ní jẹun mọ́, á kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Màá lọ ra gbúre lóríta. Màá sọ pé tiwa ni."

Mo ní kó má dán an wò. Mo ní obìnrin yẹn, etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ò rí. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti lọ.

Gbúre oríta yàtọ̀ sí ti Màmá. Ewé ti Màmá kéré, ti oríta fẹ̀, ó sì nípọn. Onídìrí tú okùn rẹ̀, ó wọ́n erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lé e lórí, ó kó o sínú agbọ̀n tí Màmá fi ń kórè tẹ́lẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀, lórí àpótí tó máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé. Àtàǹpàkò rẹ̀ dé ìdí igi gbúre kan, níbi tí ọ̀bẹ ti gé e, ó dúró díẹ̀ níbẹ̀. Òun ò fi ọ̀bẹ kan ẹ̀fọ́ rí láyé rẹ̀.

"Gbúre wa ti yí padà o," ló sọ. "Ewé rẹ̀ ti fẹ̀."

Onídìrí wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

"Òjò ni, Àǹtí mi. Òjò tó rọ̀ ló mú un fẹ̀."

Màmá tún já ewé kan. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀n-ẹ́n? Òjò yẹn mà ṣeun o. Bá mi kí i."

Onídìrí sè é, Màmá sì jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo. Onídìrí sáré jáde wá bá mi lẹ́yìn ògiri, ó ń jó láìsí ìlù, ó tún ń sunkún.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Bí Màmá bá ti já ewé tán, á ní kí wọ́n fi igi rẹ̀ sílẹ̀ fún òun, òun fẹ́ lọ dà á nù fúnra òun kí òun lè na ẹsẹ̀. Á di ògiri mú, á rọra lọ sẹ́yìn bálùwẹ̀, sí ibi tóóró tó wà láàárín bálùwẹ̀ àti ògiri. Onídìrí lára díẹ̀, ó rò pé òun ò lè gba ibẹ̀ kọjá, kò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Bí Màmá bá dé, ẹrẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ á sì máa fọ̀ ọ́, á máa bá a wí pé kó yé fi ọwọ́ tọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Eruku bo gbogbo nǹkan, àgbá omi gbẹ. Síbẹ̀, bí Onídìrí bá gbé agbọ̀n dé, Màmá á fọwọ́ pa ewé náà, á ní, "Bá mi kí òjò o." Lọ́jọ́ kan tí Onídìrí ti ṣọ́ọ̀bù dé tó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, Màmá ní, "Sọ fún òjò kó máa sinmi. Kó má ṣe wàhálà jù nítorí mi." Mo sọ fún Onídìrí pé ọjọ́ orí ti ń da ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rú. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní Àǹtí òun ò mọ òjò yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn mọ́, ó sì sunkún títí.

Ní ọ̀sán kan, lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá ní òun fẹ́ sùn díẹ̀. Kò jí mọ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ẹkún Onídìrí ò dáwọ́ dúró, kì í sì í ṣe ikú nìkan ló ń sunkún sí.

"Jìbìtì ni mo fi bọ́ ọ, Bọ̀dá. Mi ò fún un ní nǹkan kan láyé mi. Ká ní ó mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti wá, 'Ó tó' ni ì bá sọ."

Òótọ́ ló jọ lójú mi.

Ó wá ń kó ẹrù Màmá jọ. Ọkọ́ kékeré tí Màmá fi ń tú ilẹ̀, tí ọwọ́ ti fá èkù rẹ̀ dán, ló fẹ́ mú fi ṣe ìrántí. Ó wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí. Ó wá a nílé adìẹ, kò sí. Mo gbọ́ tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn bálùwẹ̀, ó ti fẹ̀gbẹ́ wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo gun àga, mo yọjú lórí ògiri.

Gbúre ló kún ibẹ̀ bámúbámú, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tútù yọ̀yọ̀. Màmá ti la ojú omi kékeré kan láti ìdí bálùwẹ̀, omi ìwẹ̀ àwọn méjèèjì ló ń ṣàn lọ síbẹ̀. Ó ti ki àwọn igi gbúre náà bọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dagun díẹ̀, bó ṣe máa ń gbìn ín, wọ́n sì ti yọ ewé tuntun. Ọkọ́ náà dúró sílẹ̀ ní ìkángun rẹ̀. Ewé wọn fẹ̀, wọ́n sì nípọn.

"Bọ̀dá," ni Onídìrí wí, láì bojú wẹ̀yìn, "gbúre oríta nìyí."

"Òun ni."

"Ó mọ̀. Látọjọ́ yẹn ló ti mọ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó jẹ ẹ́, ó tún gbin èyí tó kù."

Onídìrí dúró nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó di ewé kan mú, ó yíjú sí mi, mo sì rí i lójú rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yé e. Gbogbo ọjọ́ tí Màmá fi ń kí òjò, Onídìrí ò mọ̀ pé òun ni Màmá ń kí.

"Òjò gbọ́ o, Àǹtí mi," ló wí. "Òjò gbọ́."

Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà nínú ilé sọ̀rọ̀. Adìẹ nìkan ló dáhùn.