Ọmọ Alátùpà àti Ilẹ̀kùn Tó Kẹ́yìn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Tudun Wada ní ìlú Jos, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo rò pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ọ̀rọ̀ náà ni "ilé." Ibi tí a ń sùn kì í ṣe ilé. Yàrá mẹ́ta ni, bàbá mi gbà á nítorí iṣẹ́ akọ̀wé tí wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wa kùsà, a kàn ń gbé ibẹ̀ ni. Èkìtì ni ilé. Bí wọ́n bá ní lágbájá ti relé, ó ti wọ mọ́tò lọ sí Èkìtì nìyẹn, yóò sì kó iṣu àti èlùbọ́ dání nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló dà mí láàmú.

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ ò retí kí tíṣà tí irun orí rẹ̀ ti funfun jókòó kó máa sọ̀rọ̀ géèmù, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín ni mo ti ń gbá a. Ẹnjiníà ará Japan kan ló ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́. Nígbà tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sí ìlú wọn, ó fi ẹ̀rọ géèmù ọmọ rẹ̀ àti káséètì kan ṣoṣo ta bàbá mi lọ́rẹ. Nínú eré náà, ọmọ kékeré kan gbé àtùpà lọ́wọ́, ó ń rìn láàárín àpáta àti ihò. Àwa ń pè é ní Alátùpà. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sójú tẹlifíṣọ̀n, èdè Japan ni, ó dà bí ibi tí adìyẹ ti fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fi ọdún méje jù mí lọ, àwa méjèèjì la wà nídìí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bọ́tìnì la kàn ń tẹ̀, kò sí ìtàn kankan níbẹ̀.

Ọdún yẹn gan-an ni àìsàn dá màmá mi wólẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sílé, ní Èkìtì, kí àwọn ẹbí lè bá wa tọ́jú wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bàbá mi tẹ̀ lé wọn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá mi dé, àwọn nìkan. Wọ́n jókòó láì bọ́ bàtà, wọ́n pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, "Màmá yín ti relé."

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ìgbà wo ni wọ́n máa padà dé?"

Ẹ gbọ́ mi yé. Mo rò pé ohun tí mo ti mọ̀ ni bàbá mi ń tún sọ. Ṣé kì í ṣe ilé ni wọ́n ti wà láti ọjọ́ yìí ni? Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún nítorí ìròyìn tó ti pẹ́. Bàbá mi wò mí títí, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ó máa pẹ́ díẹ̀." Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí bàbá mi, tí wọ́n ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere, mo rò pé afẹ́fẹ́ Èkìtì ni wọ́n ń yìn, torí afẹ́fẹ́ Jos máa ń mú màmá mi wúkọ́. Hausa ni mo gbọ́ jù nígbà náà, òun la fi ń ṣeré níta. Yorùbá inú ilé nìkan ni mo ní, Yorùbá àwọn àgbà ò tíì yé mi. Bóyá oníkálùkù rò pé ẹlòmíràn ti là á yé mi.

Ní ọjọ́ kejì ni ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tan tẹlifíṣọ̀n, ó na ìka sí ìkọ̀wé náà, ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n kọ síbí? Wọ́n ní màmá Alátùpà ti relé. Òun náà ló wá ń wá ọ̀nà ilé lọ yìí." Mo bi í pé ibo ló ti kọ́ èdè náà. Ó ní wọ́n ń kọ́ wọn ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ta ni èmi tí n kò ní gbà á gbọ́?

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò tíì gbọ́ irú ìtàn yẹn mọ́. Adágún tí Alátùpà ń fò kọjá, adágún ibi tí wọ́n ti wa kùsà lọ́nà Kuru ni. Ẹ̀gún tó ń gún un lẹ́sẹ̀, ọrọ́ tí a fi sọgbà ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ìyá arúgbó tó ń fún un lágbára ní ojú ọ̀nà, ìyá Hausa tó ń din kósè, àkàrà tiwọn, ní ìkángun àdúgbò wa ni, ẹ̀gbọ́n mi a sì máa fi ohùn wọn sọ pé, "Sannu, yaro, zo ka ci," ìyẹn ni pé kó wá jẹun. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí òtútù Jos bá mú tí ìka wa kú, a ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo bo ara, á sì máa kà á fún mi. Bí Alátùpà bá kan ilẹ̀kùn tó kọ̀ tí kò ṣí, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé màmá rẹ̀ ní kó wọ súwẹ́tà, òtútù ń bọ̀ níwájú." Èmi náà á dìde lọ wọ súwẹ́tà tèmi.

Ilẹ̀kùn ńlá kan wà ní ìparí, tó ń tàn yòò. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni màmá Alátùpà wà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ní gbogbo ayé ni kí n mọ̀ bóyá ó bá wọn nílé. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí a bá débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ka ohun tí wọ́n kọ, á ní, "Wọ́n ní ká dúró di ọ̀la," á sì pa tẹlifíṣọ̀n. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo kọ oúnjẹ. Kò gbà.

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó rán mi lọ ra kósè. Ìyá oníkósè ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Bauchi tipẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Wọ́n fi kósè méjì ṣe ènì fún mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Allah ya jikan mamarka," kí Ọlọ́run ṣàánú màmá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Òkú nìkan ni àwọn Hausa ń ṣe àdúrà yẹn fún, kò sí ọmọ Jos tí kò mọ̀ ọ́n. Èdè tí wọ́n bí mi sí fi ikú ìyá mi pa mọ́ fún mi, èdè ìgboro ló wá sọ ọ́ sí mi létí.

Mo gbé kósè délé. Ẹ̀gbọ́n mi ti tan tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Jókòó, Alátùpà fẹ́ gun òkè lónìí." Mo jókòó. Mi ò sọ nǹkan kan, torí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ pé mo ti gbọ́, ìtàn yẹn máa tán. Nígbà tí omi bọ́ lójú mi, mo ní ata inú kósè ló ta sí mi lójú. Láti ọjọ́ náà mi ò tún bẹ̀ ẹ́ pé ká wọ ilẹ̀kùn yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lọ kàwé tíṣà ní Èkìtì, ó sì lọ́kọ síbẹ̀. Iná mànàmáná jó ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kan tí wọ́n mú un dé lójijì. A ò wọ ilẹ̀kùn yẹn títí tó fi bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe Alátùpà ò dúró lórí káséètì kan. Títí di òní, apá mẹ́sàn-án ló ti jáde, mo sì gbá gbogbo rẹ̀, torí mò ń wá ìyá ọmọ yẹn. Iṣẹ́ tíṣà ti wọ̀ mí lára, máàkì ni mo ń fún wọn. Apá kejì, ilé géèmù kan ládùúgbò wa ni mo ti rí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, mo ka gbogbo rẹ̀ fúnra mi. Ọba kan rán Alátùpà lọ sójú ogun, ó jà, ó borí, ó parí. Mo fún un ní méjì nínú mẹ́wàá. Ìkẹta ò yàtọ̀, ọba ni wọ́n kàn pààrọ̀. Ní ìkẹrin wọ́n wá àfẹ́sọ́nà fún un, kò sì sí ìgbà kan tí ọmọbìnrin náà béèrè pé ọmọ ta ni. Apá karùn-ún ni gbogbo ayé ń yìn, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn, ìtàn gidi ni. Àwọn ará abúlé tí Alátùpà gbà sílẹ̀ ló lé e jáde, ìbànújẹ́ sì mú un gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Mo fún un ní mẹ́jọ. Láti ìkẹfà ni gbogbo wọn ti ń sọ̀rọ̀ sókè bí ará inú fíìmù, bàbá arúgbó kan á sì dúró ní ìkóríta kọ̀ọ̀kan, á máa ṣàlàyé ohun tí o ti fi ojú ara rẹ rí. Ọ̀rọ̀ pọ̀, ìtàn kéré. Ìkẹsàn-án wá ní òpin mẹ́rin, kí oníkálùkù mú èyí tó bá wù ú. Ẹni tó sọ ìtàn fún mi tó ní kí n lọ wá òpin rẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá ló fún mi.

Apá kìíní nìkan ló gba mẹ́wàá. Èmi àti ọmọkùnrin mi máa ń jiyàn lé e lórí títí oúnjẹ á fi tutù. Á ní, "Dádì, apá kìíní ò ní ìtàn kankan." Mo máa ń ní kó dákẹ́, ṣé ó wà níbẹ̀ ni?

Canada ni ọmọkùnrin yẹn wà báyìí. Ìyá rẹ̀ lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun, ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Èmi nìkan ló kù nínú ilé ní Lamingo, ní ìlú Jos. Mo ṣì máa ń se ìrẹsì tó pọ̀ jù, ọwọ́ mi ò tíì mọ ìwọ̀n ẹnì kan. Ìgbà mìíràn mo máa ń fi apá kẹfà sílẹ̀ kí bàbá inú rẹ̀ máa sọ̀rọ̀, kí ohùn ènìyàn ṣáà lè wà nínú ilé. Mo dá wà, ó sì ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin mi fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Àwọn kan tó fẹ́ràn eré náà ti tú apá kìíní sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé kò sí sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Japan ní Jos. Síbẹ̀ mo rò pé, ó kéré tán, ìyá kan á wà níbẹ̀. Kò sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò kún ojú ewé kan. Alátùpà ń wá òkúta tó máa fi tan àtùpà rẹ̀, ó tán. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ka súwẹ́tà fún mi, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé, "Ilẹ̀kùn yìí wà ní títì." Mo wá wo ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ní ká dúró di ọ̀la. Wọ́n kọ ọ́ pé, "Ilẹ̀kùn ti ṣí. Wọlé." Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo lọ gbé omi kaná, mi ò sì rántí mu tíì náà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Èkìtì lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ó ti di ìyá àgbà, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pe ara wa. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìtàn Alátùpà ṣe parí?"

Ó ní, "Alátùpà wo?"

Mo rán an létí adágún, mo rán an létí ọrọ́ àti ìyá oníkósè. Ó ní, "Géèmù ará Japan yẹn. Àbúrò mi, mi ò rántí nǹkan tí mo ń sọ mọ́. Ohun tó bá ti bọ́ sí mi lẹ́nu ni, kí o má baà máa bi mí léèrè màmá."

"Ẹ ò ní òpin kankan lọ́kàn?"

"Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn tí màmá ò sí níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí fún ẹ?"

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún un pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kósè. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó ní, "O mọ̀, o sì ń jókòó tì mí lójoojúmọ́?" Mo ní mo fẹ́ràn bó ṣe ń sọ ọ́ ni. Ó ní òun á wá sí Jos bí ẹsẹ̀ òun bá jẹ́ kí òun jókòó sínú mọ́tò fún odindi ọjọ́ kan, kí n má tíì dá wọ ilẹ̀kùn náà. Ó wá ní, "Ìwọ nìkan níbẹ̀ yẹn. Kí ló dé tí ìwọ náà ò kúkú relé?"

Àwa méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ó yára ní, "Èkìtì ni mò ń wí o."

Mo ní, "Mo mọ̀, Àǹtí. Mo ti dàgbà."

Ayé ti yàtọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Géèmù tiyín ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kò sí èdè tí wọn ò tú u sí, kò sì tún nílò kí ẹnikẹ́ni jókòó tì yín lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kó máa ka irọ́ fún yín. Ìtàn inú rẹ̀ dáa ju ti ìgbà wa lọ, mo ti gbà fún ọmọkùnrin mi. Lọ́sẹ̀ yìí, mo so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì ti gbá apá kìíní tí wọ́n tú yẹn dé ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń tàn yòò bíi ti àtijọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ sì yé mi dáadáa. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kà á sókè nínú pálọ̀ tó ṣófo pé wọ́n ní ká dúró di ọ̀la, mo sì pa tẹlifíṣọ̀n.