Omi Lẹ́yìn Àmín

Ọwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára èèyàn kí n tó wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe ìwà tó dára, mo mọ̀, àmọ́ iṣẹ́ ló kọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì, obìnrin tí mo fẹ́ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ fi ìka sẹ́nu, ó lá a, ó fi ṣí ọ̀rá tó fẹ́ kó búrẹ́dì mi sí. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó bi mí bóyá búrẹ́dì ni mo fẹ́ rà àbí ìka òun. Mo gba búrẹ́dì mi, mo sì jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, torí ebi ń pa mí.

Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀ kí n tó di ẹni tó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn bí wọn kò ṣe ní gbé àrùn láti ara aláìsàn kan dé ara èkejì. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni tó wà láàárín Òṣòdì sí Ìsọlọ̀ ló máa ń pè mí jù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń lò níbì kan, ó di ibòmíràn. Ó bá mi lára mu, torí n kì í lè jókòó pẹ́. Ọdún kẹrin rèé tí ọkọ mi ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé, bí mo bá sì jókòó jẹ́ẹ́, ohun tí n kò fẹ́ rò ni màá máa rò.

Ilé ìwòsàn tí mò ń sọ yìí kò jìnnà sí ọjà Aswani. Dókítà tó ni ín fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní obìnrin mẹ́ta tí òun fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí wọn, ojú abẹ wọn kẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní Mátírọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ni òun fura sí, ìyá náà ti dàgbà, ó ṣeé ṣe kó ti máa gbàgbé nǹkan. Bí mo bá lè kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ mi pé ọwọ́ rẹ̀ ni àrùn ti ń wá, òun á ní kó máa lọ sinmi ní Èkìtì tó ti wá. Ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ gba ìjábọ̀ náà. Mo ní kò burú. Kí n má parọ́, inú mi dùn pé ẹnìkan ń dúró de ohun tí màá sọ.

Mátírọ̀nù ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti gbogbo ọmọdé tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ohun tó ń gbàgbé. Ó mọ oògùn tó kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù láìṣí i. Ó tún mọ ohun tí mo wá ṣe. Bó ṣe gbé àga fún mi lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí mo débẹ̀, ó ní, “Ẹ jókòó, tíṣà. Ẹ wò wá dáadáa. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí àṣìṣe wa, ẹ sọ fún wa, a ó gbọ́.”

Mo wò wọ́n. Láàárọ̀, gbogbo wọn tò sídìí ẹ̀rọ omi, Mátírọ̀nù ló ṣíwájú. Ọṣẹ wà, omi ń ṣàn, wọ́n sì fọwọ́ débi tí inú fi fẹ́ máa bí mi: àtẹ́lẹwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná, kò sí èyí tí wọ́n fò. Ó ku kí n di ẹ̀bi mọ́ wọn lọ́rùn. Àfi bí wọ́n ṣe kúrò nídìí omi tí wọ́n pagbo, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, dókítà náà wà láàárín wọn. Mátírọ̀nù dá orin Èkìtì kan, ó gbàdúrà fún ilé, fún aláìsàn, fún ọlọ́mọ. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú wọn, oníkálùkù sì kọrí sídìí iṣẹ́. Mátírọ̀nù gbé àwo òwú àti báńdéèjì, ó lọ sídìí ọgbẹ́ wíwẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún kan omi.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kí wọ́n tó gbàdúrà ni wọ́n ń fọwọ́. Ó bi mí bóyá ó yẹ kí wọ́n gbé ọwọ́ ìdọ̀tí dúró níwájú Ọlọ́run. Lẹ́yìn àdúrà ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo bi í. Ó ní kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ fọ̀?

Ó yẹ kí n jókòó tì í kí n ṣàlàyé. Ìdajì wákàtí ni ì bá gbà. Sùúrù mi kì í tó ìdajì wákàtí.

Mo ní ìpara kan nínú àpò, ojú kì í rí i, kò ní òórùn, kì í pani lára. Àfi téèyàn bá tan iná kékeré aláwọ̀ àlùkò kan sí i ló tó máa ń tàn. Ṣe ló yẹ kí n fi han gbogbo wọn kí n tó lò ó. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fi í ra àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi, mo jáde, mo wọ inú agbo, mo sì di Mátírọ̀nù lọ́wọ́ mú. Ó gbàdúrà fún èmi náà, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rìn lásán. Mo ṣe àmín. Ó nu ojú rẹ̀.

Ó lọ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Aswani, tí wọ́n fi abẹ gba ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ó mú fáìlì, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó fa àwo mọ́ra. Kó tó nawọ́ sí báńdéèjì, mo ní kó dúró. Mo fa kọ́tìnì, mo tan iná mi.

Fáìlì ń tàn, irin bẹ́ẹ̀dì ń tàn, etí àwo ń tàn. Ọwọ́ Mátírọ̀nù ń tàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì àti iwájú orí rẹ̀ sì ń tàn. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì kékeré rẹ́rìn-ín, ó yára bo ẹnu. Mo wá sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ dáadáa, mo ní ká ní kòkòrò àrùn ni, ojú abẹ obìnrin yìí ni ì bá wà báyìí. Mátírọ̀nù dúró sínú iná náà títí mo fi sọ̀rọ̀ mi tán. Ó ní, “Ẹ ṣeun, tíṣà.” Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú, ìmọ́lẹ̀ náà kò lọ, ó sì jáde.

Inú mi ń dùn títí mo fi dé Òṣòdì. Ìgbà tí mò ń rékọjá ojú irin ni mo rántí pé ó ti ní kí n sọ fún wọn, wọ́n á gbọ́. Kò ní kí n dẹ pàkúté. Mo jẹun alẹ́ nínàró.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọn kò pagbo. Wọ́n fọwọ́, wọ́n tú ká, ìkíni tí wọ́n kí mi kò ju kí n má baà sọ pé wọn ò kí mi lọ. Nọ́ọ̀sì tí mo ní kó lọ wẹ ọgbẹ́ obìnrin Aswani padà wá, ó ní obìnrin náà kò gbà. Mo lọ fúnra mi. Obìnrin náà fa ìró bo ikùn.

“Àǹtí, ẹ má bínú,” ó ní. “Ẹ bá mi pe Màmá Mátírọ̀nù. Ọwọ́ tí kò gbàdúrà fún mi kò ní kan ibi tí wọ́n ti gé mi.”

Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Báńdéèjì ojú abẹ rẹ̀ ti rin, mo sì rí i pé ara rẹ̀ ti ń pọ́n létí ibẹ̀. Mo rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ́rídọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí tirẹ̀ bá kẹ̀ pẹ̀lú, yóò di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, kì í sì í ṣe Mátírọ̀nù ló fà á, èmi ni.

Mo bá Mátírọ̀nù ní yàrá oògùn, ó ń to òwú. Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo ti ṣẹ̀ ẹ́, kó foríjì mí. Ó dìde, ó kó gbogbo wọn jọ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì obìnrin náà, ó wá na àtẹ́lẹwọ́ sí mi.

“Ẹ fi ìpara yín sí i,” ó ní, “kí gbogbo wa rí i.”

Mo fi sí i. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ó gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Dípò kó gbé àwo, ìdí omi ló kọjú sí, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Ó ń kọ orin rẹ̀ bó ṣe ń fọwọ́, kò kúrò níbẹ̀ títí orin náà fi parí. Ó fi bébà nu ọwọ́, ó gbé e sábẹ́ iná mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní láti òní lọ, lẹ́yìn àmín ni omi. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó wẹ ọgbẹ́ náà, obìnrin Aswani kò sì janpata.

Ara tu gbogbo wa. Nọ́ọ̀sì tó rẹ́rìn-ín lánàá ní ó kan tíṣà. Mo fi ìpara ra ọwọ́ méjèèjì, mo fọ̀ ọ́ bí olùkọ́, mò ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ sókè. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ni ni pé kí wọ́n bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà. Òrùka ìgbéyàwó tèmi kì í kúrò níka. Ṣe ni mo máa ń yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ omi, mo sì gbà pé ó tó, torí bí mo bá bọ́ ọ, ẹnìkan á bi mí léèrè ọkọ mi.

Mátírọ̀nù ló di iná náà mú. Àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́, èékánná mi mọ́. Ìdí òrùka mi ń tàn yí ìka ká. Ó rí i, mo sì rí i pé ó rí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀ láti wò ó. Ó pa iná.

“Bátìrì rẹ̀ ti kú,” ó ní. “Ẹ lọ sídìí iṣẹ́ yín.”

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ra bátìrì náà.

Nígbà tó ku àwa méjì, ó fà mí lọ sídìí omi. “Ọmọ mi, ṣé òrùka yẹn fún ọ níka ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọṣẹ sí i, ó fà á díẹ̀, ó bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti rù láti ọdún mẹ́rin wá. Ó fi òrùka náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Kò fún.” Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Mo sunkún níbẹ̀, omi ẹ̀rọ ń ṣàn, ojú tì mí ju ọjọ́ tí ọkọ mi kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ.

Lọ́sàn-án, mo jókòó níwájú dókítà, mo kọ ìjábọ̀ mi. Níbi tí a ti ń kọ àwọn tí a bá àbààwọ́n lọ́wọ́ wọn, tèmi ni mo kọ́kọ́ kọ: olùkọ́, ìdí òrùka. Mo wá kọ gbogbo ẹni tó ń pagbo láàárọ̀, òun dókítà náà sì wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ ẹni tó rí ojútùú rẹ̀. Ó kà á, ó ní ibo ni Mátírọ̀nù wà níbẹ̀. Mo ní kó wo ìlà tó gbẹ̀yìn.

Ó kà á. Ó padà sí ìlà àkọ́kọ́, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ọwọ́ mi ló sì kọ́kọ́ wò.