Oníbúrẹ́dì àti Òjò Ọ̀sán

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́, ni àdúgbò kọ́kọ́ pàdé Oníbúrẹ́dì ní ìta gbangba. Oòrùn ń ràn yanran, eruku sì ń sọ lálá. Ọkùnrin náà ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde nínú bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ó ṣí agbòjò dúdú sórí, ó sì ń gbẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun láṣọ.

Alájórin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti fèrèsé Oníbúrẹ́dì, gbé òòlù sílẹ̀. "Bàbá Alágbòjò, òjò ìlú wo lẹ ń sá fún?"

"Èyí tó ń rọ̀ láti àárọ̀ náà ni."

"Òjò? Níbí?"

Àánú alájórin ṣe Oníbúrẹ́dì. Ẹni tí ń lu irin láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, etí wo ni yóò fi gbọ́ òjò? "Ẹ lọ wá ẹni tó máa bá yín wo etí yín," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní ti ilẹ̀ tó gbẹ táútáú, ó ti ní àlàyé fún un: yanrìn àdúgbò náà máa ń mumi.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì pè é ní wèrè. Òru ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ayé bá ń hanrun, òun ń po ìyẹ̀fun. Nígbà tí ayé bá ń jí, òun á wọlé dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú, á sì wọ yàrá tí kọ́tìnì rẹ̀ nípọn bí ẹní. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé náà, oorun kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá. Bí alájórin bá ti lu irin gbàù, Oníbúrẹ́dì á fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Àfi lọ́jọ́ kan tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí àrá ń kùn lọ́nà jíjìn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, òjò dé. Á sì sùn bí ọmọ tó mu ọmú yó. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè ketekete nítorí òjò náà. Ìgbàkígbà tó bá sì ti ń dúpẹ́, ìyàwó rẹ̀ á rántí pé òun ní iṣẹ́ ní ilé ìdáná.

Báyìí ni fóònù rẹ̀ ṣe dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan: owó ti jáde ní báǹkì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bá sín. Ó wo oṣù tó kọjá. Iléeṣẹ́ náà ti sín níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ̀, ó di báǹkì.

Ọmọbìnrin tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà wo agbòjò rẹ̀, ó gbé ojú kúrò. "Bàbá, ṣé ẹ ra nǹkan kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Èmi tó jẹ́ pé mo máa ń wọ bàtà wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sanwó rẹ̀?"

"Ṣé ẹlòmíràn máa ń lo fóònù yín?"

"Àtàǹpàkò mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọmọ mi. Ibi tí mo bá wà, ibẹ̀ náà ni àtàǹpàkò mi ń wà."

"Ó dáa, sà. A ti dí wọn lọ́nà. A ó kọ̀wé sí wọn kí wọ́n dá owó yín padà."

Oníbúrẹ́dì yan padà sílé bí akínkanjú. Ó wọ yàrá, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń retí òjò.

Òjò ò rọ̀. Alájórin lu irin gbàù.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ò rọ̀. "Ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé," ni Oníbúrẹ́dì wí, ojú rẹ̀ pọ́n bí iná ààrò. Lóru ọjọ́ náà, ó gbàgbé iyọ̀. Lóru tó tẹ̀ lé e, ó fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, bóyá kí ó lè san gbèsè ti àná. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ bu búrẹ́dì náà jẹ, ó tutọ́ sọnù.

"Ẹ̀gbọ́n, bí búrẹ́dì báyìí bá tún jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ilé lẹ ó máa lọ sùn títí ayé."

"Ọ̀gá, ká ní mo lè sùn nílé ni, a ò ní bára wa dé ibi yìí."

Ó délé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó wo òkè àjà. "Ọlọ́run, kí ni mo ṣe tí ẹ fi dá òjò yín dúró?"

Ìyàwó rẹ̀ kò lè fara dà á mọ́. Ó kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Inú fóònù yín ni òjò yẹn ti ń rọ̀."

"Inú kí ni?"

"Iléeṣẹ́ tí ẹ ní kí báǹkì dí lọ́nà yẹn ló ń ta ìró òjò náà. Mo máa ń gbé e sẹ́yìn kọ́tìnì kí ẹ lè sùn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é nígbà tí mo gbà á. Mi ò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ní òpin. Láti ọjọ́ tí ẹ ti báǹkì dé ló ti ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká sanwó."

"Ta ló fún wọn láṣẹ? Àtàǹpàkò mi ni—"

"Ẹ̀yin náà lẹ tẹ̀ ẹ́. Oorun lẹ kàn ń sùn lọ́wọ́ nígbà náà."

"Ìyá Ilé! O sì ń wò mí tí mò ń wọ bàtà rọ́bà jáde?"

"Ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run jù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé èmi ni?"

Oníbúrẹ́dì fẹ̀yìn lélẹ̀. Lẹ́yìn fèrèsé, alájórin gbé òòlù. Fóònù dún: ọmọbìnrin báǹkì ni, ó ń kí i kú oríire, owó ti padà wọlé.

"Ọmọ mi, ẹ ṣeun, ẹ dá owó náà padà fún wọn, kí wọ́n dá òjò mi padà fún mi. Èyí tó ní àrá díẹ̀ nínú yẹn ni o. Ẹ sì bá mi sọ fún wọn pé mo ti dùbúlẹ̀."