Bí A Ṣe Gba Orí Òkun Gbé Oúnjẹ Wọ Ìlú Tí Ogun Yí Ká

Ilé alájà kan lẹ́yìn Ring Road ni wọ́n kó wa sí. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ni. Ọmọ ogun òfurufú ni mí nígbà náà, iṣẹ́ mi sì ni láti yan ọ̀nà tí bàálù máa gbà. Orílẹ̀-èdè kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa ń jagun lọ́wọ́. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba gbogbo títì tó wọ olú ìlú wọn. Oúnjẹ ń tán lọ, oògùn ń tán lọ. Àwa ni wọ́n ní ká fi bàálù gbé wọn wọlé, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọ̀gá wa na ìka sórí máàpù. "Orí igbó yìí ni ká gbà tààrà. Ó yá jù."

"Ó yá lóòótọ́, sà," ni mo wí, "ṣùgbọ́n ìbọn wọn wà nínú igbó yẹn. Ẹ jẹ́ ká gba orí òkun."

"Epo ńkọ́? Tó o bá gba òkun, epo lo máa kó, kì í ṣe ìyẹ̀fun."

"Erékùṣù kan wà láàárín, sà. A ó bu epo níbẹ̀."

Àwọn tó ni erékùṣù náà ti kọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí ogun ẹlòmíì kàn wọ́n. Mo ní kí wọ́n rán mi lọ. Mo sọ fún ọkọ mi ní Bodija pé mò ń lọ ṣe kọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíì?" Kò bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alhaji àgbàlagbà kan ló ń ṣàkóso pápá bàálù wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ ìbọn lórí ilẹ̀ mi."

"Oúnjẹ àti oògùn nìkan ni, Bàbá. Kí àwọn èèyàn yín máa yẹ ẹrù wò kó tó gbéra."

Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n gbà. Inú ọ̀gá mi ò dùn pé a ò ní lè kó ìbọn mọ́ ẹrù, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ tí bàálù àkọ́kọ́ lọ, gbogbo wa yí rédíò ká. Nígbà tó yá, awakọ̀ bàálù náà ní, "A ti balẹ̀. Wọ́n ti ń já ẹrù." Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀gá ṣí fìlà, ó sì yíjú sí mi: "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wá òmíràn sílẹ̀."

Mo ti wá a sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbé ìbọn wá sétí òkun, apá àríwá la ti ń gbà wọlé. Bàálù wa kankan ò já. Ìlú náà dúró títí àwọn ọmọ ogun wọn fi lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ kúrò tí wọ́n sì ṣí títì padà, àwọn ọkọ̀ ẹrù sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa.