Ìwé Ìsánlú-Ìsin àti Ẹni Tó Kà Á Sí Mi Létí

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ọ̀mù-Àrán, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó lanu. Èmi ni mo sọ fún yín pé mo rí ẹja tó gun ọ̀pẹ lọ mu ẹmu. Irọ́ ni. Mo gbà. Ti ejò tó kí mi ní èdè Haúsá lọ́nà Omupo, irọ́ lòun náà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì bù kúrò.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi re oko. Ẹ fara da ọwọ́ tí mo fi kọ ọ́.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wá lára Àríwá ni, tí wọ́n ní a ti di ìpínlẹ̀ tiwa, tí gbogbo ẹnu ń pe Kwara, Kwara. Mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìkàwé kékeré kan tí ará ìlú dáwó kọ́. Èmi ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo ń nu tábìlì, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí àlejò bá bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo máa ń dáhùn pé ọ̀gá ìwé ni mí.

Àgbẹ̀ kan láti Ìsánlú-Ìsin ló gbé ìwé náà wá. Wọ́n ń wó ilé bàbá rẹ̀ àgbà, ni ọkọ́ bá kan awọ ewúrẹ́ nínú ògiri. Nígbà tí wọ́n tú awọ náà, ìwé ló wà níbẹ̀, ó nípọn bí búrẹ́dì, ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìlà inú rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí eérú. Àmọ́ ó tò, ó gún régé. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Kò sí ẹni tó lè kà á. Nítorí náà, gbogbo èèyàn ló mọ ibi tó ti wá.

Tíṣà Jóòbù, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ní èdè Gíríìkì ni, pé ọmọ ẹ̀yìn àwọn àpọ́sítélì ló gbé e gba ibí kọjá.

Áfáà Súlè kọ̀ jálẹ̀. “Àpọ́sítélì wo ló dé Ìsánlú-Ìsin? Ṣé iṣu ló wá rà ni?” Ó ní Lárúbáwá ayé àtijọ́ ni.

“Kà á nígbà náà.”

“Ó ti pẹ́ jù, Tíṣà. Lẹ́tà inú rẹ̀ ti sùn.”

“Jí i.”

Bàbá kan wà tó ń ti Èsìẹ́ wá, a kì í pe orúkọ rẹ̀, Bàbá Èsìẹ́ la ń pè é. Ó ní àwọn tó di ère òkúta nínú igbó wọn ló kọ ọ́ kí òkúta tó mú wọn. Tíṣà ní kó lọ bi wọ́n, kó wá jábọ̀. Èmi náà ní ìwé tí àwọn ọ̀bọ fi ń kọ́ ọmọ wọn ni. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ mi lé mi jáde.

Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ń dùn mí níbì kan tí n kò lè fi hàn wọ́n.

Mo ní ìyàwó kan, Àbẹ̀ní. Ahunṣọ ni, òfì ìdúró tí àwọn obìnrin máa ń gbé ti ògiri ni tirẹ̀. Bó bá jókòó sídìí òfì, kì í wo ẹ̀yìn. Èmi á máa purọ́ fún un láti ẹnu ọ̀nà, èjìká rẹ̀ nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́dún òmìnira, mo wà ní Jọ́ọ̀sì níbi tí a ti ń wa kùsà nígbà tí ibà gbé e dè. Kí wọ́n tó rán ẹnì kan sí mi, kí n tó rí ọkọ̀, ilẹ̀ ti gbà á. Mo bá òkìtì tútù lẹ́yìn ilé.

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ó ń pè ọ́, ọmọ mi. Láti ìdájí títí oòrùn fi yọ, ó ń ránṣẹ́ sí ọ. Àmọ́ ibà ti da ọ̀rọ̀ rú lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.”

Ṣé ẹ rí i? Àwọn ń jà lórí ẹni tó kọ ìwé. Èmi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi tí n kò gbà ni mò ń rò. Ọdún ń gorí ọdún, n kò fẹ́ ẹlòmíràn. Fọ́tò kan, n kò ní.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà ti Ìlọrin dé: mọ́tò ìjọba á wá gbé ìwé náà lọ́la. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Áfáà ti lọ kírun, Bàbá Èsìẹ́ ti wọ ọkọ̀ lọ sílé, Tíṣà ti lọ sùn. Ó ku èmi nìkan, ọ̀sán gangan, òjìji ẹni wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni. Ìyá mi máa ń sọ pé ọ̀sán ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù ju òru lọ, nítorí kò sí ẹni tó ń múra sílẹ̀ de ọ̀sán.

Mo jáde lọ da omi nù. Mo padà wọlé.

Òórùn aró ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Aró tútù, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òwú nínú ìkòkò.

Lẹ́yìn náà ni mo rí èjìká rẹ̀.

Ó jókòó lórí àga Tíṣà, ó kẹ̀yìn sí mi. Ìwé wà níwájú rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, òun ni.

“Má pariwo,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ni. Ìgbómìnà ilé wa ló fi sọ ọ́.

Mo rọra sún mọ́ ọn. Ìka rẹ̀ wà lórí ìwé, àwọ̀ aró wà léèékánná rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí: ìsàlẹ̀ ló ti ń kà á bọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ ṣe ń gòkè lórí òfì obìnrin. Gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé wa, òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀! Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó hun aṣọ rí.

Ó ń kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Ọjọ́ tí a gbin ẹ̀wà. Ọjọ́ tí òjò ṣú tí kò rọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ dá dúró, tó rẹ́rìn-ín sí ògiri. Ọjọ́ tí wọ́n kó ọkọ mi lọ sógun, mo ń hun aṣọ kó lè bá a nílé.”

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké.

“Ta ló kọ ọ́?” Mo bi í, bí ẹní ń mí.

“Obìnrin ni.” Ó ṣí ewé kan. “Àwa tá a ti lọ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kà. Jókòó, onírọ́ mi. Ó ku ewé méjì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo rán sí ọ wà.”

Onírọ́ mi! Nínú yàrá nìkan ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí n jókòó. Ọlọ́run gbọ́, ó yẹ kí n jókòó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí. Mo rò ó pé bí mo bá sọ èyí lọ́la, wọn á ní ẹja tún ti gun ọ̀pẹ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá mi rí i, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ etí ìlú. Ilé Tíṣà kò ju òdìkejì títì lọ.

Mo ní, “Àbẹ̀ní, dúró, mò ń bọ̀.”

Ó kàn fi ìka tẹ ìlà tó kà dé mọ́lẹ̀, bí ẹní di òwú mú kó má baà tú. Èjìká rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Mo sáré. Tíṣà wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, oorun ń ṣe é.

“Tíṣà, ẹ dìde, ẹ má béèrè.”

“Irọ́ wo lo tún gbé dé?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

Omijé tó rí lójú mi ló mú kó tẹ̀ lé mi láìwọ bàtà.

A dé ibẹ̀. Kò sẹ́nì kan. Ìwé ṣí sílẹ̀, ó ku ewé méjì. Tíṣà wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó fìdí lé àga rẹ̀. Kíá ló fò dìde.

“Ta ló jókòó síbí?” Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́. Mo fọwọ́ kan àga náà. Nínú ooru yẹn, ó tutù bí omi odò lásìkò ọyẹ́.

Tíṣà kò jókòó lórí àga yẹn mọ́ títí ó fi kú. Kò sì jẹ́rìí mi fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ní kí wọ́n máa kà á láti ìsàlẹ̀, Áfáà rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́, Tíṣà ń wo ilẹ̀.

Ọ̀sán yẹn ni mo ti ilẹ̀kùn, mo fi pẹ́ńsùlù da ewé méjì náà kọ, ẹsẹ̀ adìẹ kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò gbé ìwé lọ. Mo ti lọ sí Ìlọrin wá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àkọ́kọ́, wọ́n ní ó wà. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní wọ́n ti fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní ìwé wo?

Tèmi wà lábẹ́ ẹní mi títí dòní. Ní ọ̀sán, mo máa ń tẹ́ ẹ sórí itan, mo máa ń fi ìka gòkè láti ìsàlẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó rán sí mi wà níbẹ̀. Mo lè fọwọ́ kàn án. N kò lè gbọ́ ọ.

Ẹ má gbà mí gbọ́ bí ẹ kò bá fẹ́, kò dùn mí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìkìlọ̀ yìí lọ́wọ́ àgbàlagbà. Bí ẹni yín tó ti lọ bá yà sọ́dọ̀ yín lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó lanu bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má wá ẹlẹ́rìí lọ. Bí ilé ń jó, ẹ jókòó tì í.