Nínú Eré Wa, Òkú Kì Í Dáhùn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ọdún yìí, èéfín igbó tí wọ́n ń jó gba ojú fèrèsé wọlé bá mi níbi tí mo jókòó sí tí mò ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Kò sí ọdún tí wọn kì í jó igbó lẹ́yìn Ṣakí níbí, àwọn ará ilé kò tilẹ̀ kíyè sí i. Èmi ni mo gbé ife sílẹ̀, tí mo dìde, tí mo ti gbogbo fèrèsé pa. Kúdírátù ọmọ mi wò mí. Ó ní, “Bàbá, èéfín lásán ni.” Mo ní mo mọ̀. Àmọ́ n kò ṣí fèrèsé kankan.

Ohun tí Kúdí gbé wá fún mi láàárọ̀ yẹn ni àpótí páálí kan. Eré orí tábìlì kan ló wà nínú rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tó sì tẹ̀ jáde. Sàfúrátù ìyá rẹ̀, ìyàwó mi, ló kọ́ ọ ní eré náà nígbà tó wà ní kékeré. Ẹni kan á jẹ́ afinimọ̀nà; òun ni yóò máa sọ bí ọ̀nà ṣe rí àti ohun tó yọ síni nínú igbó. Ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn yòókù á mú ẹni tí òun fẹ́ jẹ́: ọdẹ, oníṣòwò obì, àlùfáà, darandaran. Bí ewu bá dé, wọ́n á ju dáìsì, dáìsì á sì sọ ẹni tó là á já.

Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ní ikú nínú. Lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ̀ ni Kúdí tún un kọ, tó yọ ikú kúrò. Nínú àtẹ̀jáde tuntun yìí, ẹni tí dáìsì bá kọ̀ á kàn sinmi lábẹ́ igi díẹ̀, á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé e lọ sí yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà. Ọmọ mẹ́sàn-án wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mẹ́ta ló wá lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn sì sùn lọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti wí fún un pé bí kò bá sí èrò ní Sátidé tó ń bọ̀, kó má wulẹ̀ béèrè yàrá náà mọ́.

“Bàbá, ṣé ẹ rò pé wọ́n á wá?”

Ohun kan wà nípa eré yẹn tí èmi àti ìyá rẹ̀ ti fi pamọ́ láti kékeré wa, ẹ̀rù sì ń bà mí láti sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń ka èyí, kò sí tábìlì nígbà tiwa. Orí pẹpẹ ni a ti ń ṣe é. Oko bàbá mi wà lọ́nà Àgọ́-Àrẹ, ọkà bàbà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ọkà bá ti ń gbó, tí orí rẹ̀ pọ́n, tó sì tẹ̀ síwájú bí àgbàlagbà tó ń tòògbé, ẹyẹ ẹ̀ga á ya dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwa ọmọdé ni wọ́n máa ń gbé sórí pẹpẹ gíga tí wọ́n fi igi mẹ́rin gbé ró, kí a máa fi kànnàkànnà àti ariwo lé wọn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwa mẹ́fà ni, láti oko mẹ́ta tó pààlà. Sàfúrátù fi ọdún kan jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Lásísì ni ọ̀rẹ́ mi, ọmọ tí kì í gbà pé òun jẹ̀bi láéláé.

Ẹyẹ kì í fi gbogbo ọjọ́ wá. Nígbà tí ẹyẹ bá sinmi ni eré máa ń bẹ̀rẹ̀. Sàfúrátù ló ń ṣe afinimọ̀nà nítorí pé ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá le, a ó sì sún mọ́ ọn láìmọ̀. Àfọ́kù igbá mẹ́rin ni a ń jù. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dojú dé, ẹni tí o ń jẹ́ ti kú nìyẹn. Wàá sọ̀kalẹ̀, wàá lọ jókòó sáàárín ọkà, o ò ní sọ̀rọ̀ títí eré yóò fi parí. Òkú kì í dáhùn: òfin tó le jù nìyẹn. Jíjókòó síbẹ̀ máa ń bani lẹ́rù gan-an. Ọkà á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí rẹ, wàá máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn alààyè lókè. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí kì í fẹ́ padà lọ́jọ́ kejì.

Èmi ni mo tan Lásísì jẹ. Ó kú lọ́jọ́ kan, ó lọ jókòó, mo wá ké láti orí pẹpẹ pé ìyá rẹ̀ ti gbé iṣu sísun dé. “Mò ń bọ̀!” ni Lásísì wí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa ṣubú. A lé e kúrò nínú eré fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó padà, ó búra fún wa pé bí ejò tilẹ̀ bu òun ṣán, òun kò ní la ẹnu mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Lásísì, tó ń jẹ́ ọdẹ lọ́jọ́ náà, tún kú. Ọ̀sán ni. Àwọn tó ń dọdẹ ọ̀yà ti ti iná bọ igbó níhà àríwá, ọyẹ́ sì gbé e. Àwòdì la kọ́kọ́ rí, tí wọ́n ń yí lókè, tí wọ́n ń gbé tata tó ń sá fún iná. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ìró rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn púpọ̀ ń fọ́ igi gbígbẹ pọ̀. Ọkà ga ju Lásísì lọ níbi tó jókòó sí. Kò lè rí nǹkan kan, òórùn èéfín sì jẹ́ òórùn ojoojúmọ́ nígbà ọyẹ́.

“Lásísì! Iná o! Jáde!”

Ọkà nìkan ló ń mì.

“Lásísì, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́! Òótọ́ ni!”

Mo mọ ohun tó ń rò. Ó ń rò pé iṣu sísun mìíràn ni mo tún gbé dé. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Mo ti dàgbà, mo ti rí ẹ̀rù oríṣiríṣi, mo ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn tí mò ń retí kí dókítà jáde bá mi. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Sàfúrátù kò pè é lórúkọ. Ó dìde dúró lórí pẹpẹ, ó fi ohùn afinimọ̀nà sọ̀rọ̀: “Ọdẹ! Mo ti jí ọ dìde. Dìde, ọ̀nà ṣì kù níwájú.”

Orí Lásísì yọ láàárín ọkà. Inú ń bí i. “Irọ́ ni! Kò sí òfin bẹ́ẹ̀! Ta ló sọ fún ọ pé òkú ń jí?”

“Èmi ni mo ṣòfin! Wo ẹ̀yìn rẹ, olórí kunkun!”

Ó wo ẹ̀yìn. N kò tíì rí ẹni tó sáré bẹ́ẹ̀ títí dòní. A sá bọ́ sórí ilẹ̀ dúdú tí iná ti jó lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí iná kì í padà sí ibi tó ti jẹun. Láti ibẹ̀ ni a ti ń wo bí ó ti jẹ pẹpẹ wa àti ààbọ̀ ọkà bàbá mi. Àwọn àgbà bi wá pé kí là ń ṣe tí a kò fi tètè sá. A ní à ń lé ẹyẹ.

Nígbà tí ọkà ọdún kejì gbó, wọ́n ṣe pẹpẹ tuntun, ṣùgbọ́n Lásísì kò gùn ún. Ìsàlẹ̀ ló ti ń lé ẹyẹ tirẹ̀. Sàfúrátù yọ ikú kúrò nínú eré, ó rò pé Lásísì yóò tìtorí bẹ́ẹ̀ padà. Ọmọ kan bi í pé, “Bí kìnnìún bá gbé mi mì ńkọ́?” Ó ní, “Á pọ̀ ọ́ jáde.” Ọmọ náà ní ó dáa, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ ta òkòtó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èmi àti Sàfúrátù nìkan ló kù. Kò sunkún lójú mi, ṣùgbọ́n ó ń dá ju àfọ́kù igbá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ronú fún ọjọ́ mélòó kan. Ó wá dá ikú padà, pẹ̀lú òfin mìíràn: òkú kò gbọdọ̀ kúrò lórí pẹpẹ. Á jókòó ti àwa yòókù, ara á kan ara. Ìgbàkúùgbà tí a bá sì pè é, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Lásísì gbọ́, ó wá dúró ti àkàbà.

“Òkú á máa sọ̀rọ̀?”

“Á máa sọ̀rọ̀.”

“Ó lè jẹ iṣu?”

“Ó lè jẹ ẹ́.”

Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gùn ún. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo wa ti pé.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Kúdí. Ìyá rẹ̀ ti fi òfin náà kọ́ ọ, kò kàn sọ ìdí rẹ̀ ni.

“N kò fẹ́ kí ọmọ kankan jókòó sídìí eré mi kó máa ronú ikú, Bàbá.”

“Wọ́n ti ń rò ó tẹ́lẹ̀, Kúdí. Àwọn nìkan ni wọ́n ń dá a rò.”

Ó mú báírò, ó ń kọ òfin ìyá rẹ̀ sétí àwọn ìwé tó ti tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Sátidé, ọmọ márùn-ún ló wá. Kúdí fà mí jókòó pẹ̀lú wọn, mo sì jẹ́ oníṣòwò obì. Kò pẹ́ tí dáìsì kọ̀ mí. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ ti kú o.” Mo ní mo gbọ́. Ó ní, “Ẹ sún mọ́ mi. Òfin ni.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láìnídìí, kí n lè máa dáhùn, ẹ̀rín wọn sì ń kọjá lójú fèrèsé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mẹ́jọ ni wọ́n. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì sọ nǹkan kan.

Igi kajú ló kún oko bàbá mi báyìí, ẹ̀ga kò sì ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Àwọn ọmọ kò mọ kànnàkànnà. Lásísì lọ sí Ìbàdàn lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, a kò ríra mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé ṣì ń fẹ́ lọ wo ibi tó ń bà á lẹ́rù, bí ó bá rí ẹni jókòó tì. Ẹ̀rù ṣì ń ba èmi náà. Nígbà tí eré bá parí, tí wọ́n ń tú jáde, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń fi ìka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kọjá. Kúdí rí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Wọ́n ti pọ̀ sí i, àbí, Bàbá?”

Mo ní, “Wọ́n pé.”